Kànga Kẹta

Kọ́lá ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin kí òun àti Abímbọ́lá, ìyàwó rẹ̀, tó kúrò nínú yàrá méjì tí wọ́n ń gbé ní Ogui New Layout, nílùú Enugu. Wọ́n fi yàrá náà sílẹ̀ fún Tọ́pẹ́, ọmọ wọn obìnrin tó ń ránṣọ, wọ́n sì kó ẹrù wọn lọ sórí ilẹ̀ tí wọ́n rà lẹ́yìn Maryland, níbi tí títì ọlọ́dà ti pin, tí ilé kò pọ̀ mọ́, tí koríko sì bo gbogbo òkè. Oṣù kẹfà ni, òjò ń rọ̀, gbogbo nǹkan tutù yọ̀yọ̀. Kọ́lá fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe oko ẹran. Ó ti ra màlúù méje, àwọn kúkúrú tí kò ní iké lẹ́yìn, irú èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń sìn tipẹ́, ó sì ra ewúrẹ́ mẹ́rìnlá mọ́ ọn. Ẹran ti wà, ọgbà ti wà, ilé ni kò tíì sí. Ahéré onípákó kan ni tọkọtaya náà ń sùn sí, wọ́n sì ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹran ni ti Kọ́lá. Ilé ni ti Abímbọ́lá. Enugu ni wọ́n bí i sí; bàbá rẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, jẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè, ilé ìjọba ni wọ́n sì ń gbé títí bàbá fi fẹ̀yìntì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Abímbọ́lá nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kó jáde. Òun ló ru dígí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, ilé onílé ni. Ó ti gbé Idaw River Layout, ó ti gbé Maryland, ó ti gbé Ogui, ibi mẹ́fà lápapọ̀, kò sì sí ọ̀kan níbẹ̀ tí ó lè kan ìṣó mọ́ ògiri rẹ̀ láìkọ́kọ́ tọrọ àyè. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta báyìí. Ó fẹ́ dàgbà, kó sì kú, nínú ilé tó jẹ́ tirẹ̀, kò sì rí ohun tó burú nínú kí èèyàn sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọlọ́run nínú àdúrà.

Ẹ̀jẹ́ Kọ́lá nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Ọjọ́ tí wọ́n da màlúù dé, ọkọ rẹ̀ dúró láàárín ọgbà, ó ṣí fìlà, ó ní:

"Bọ́lá, ìwọ ni ẹlẹ́rìí mi. Bí oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ bá fi wọlé, tí n kò rí omi fún ẹran lórí ilẹ̀ yìí, màá ta gbogbo wọn, màá sì padà sí Ogui. N kò ní fi òùngbẹ pa ẹ̀dá Ọlọ́run."

"Bàbá Tọ́pẹ́, ta ló ní kí ẹ jẹ́ ẹ̀jẹ́?"

"Mo ti jẹ́ ẹ ná."

Kọ́lá kì í fi ẹ̀jẹ́ ṣeré. Nígbà tí Tọ́pẹ́ wà ní kékeré tí ó ṣàìsàn, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ẹran kò ní kan ẹnu òun títí ara ọmọ náà yóò fi yá. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni ara ọmọ yá, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti jẹ adìyẹ tán. Bàbá jẹ ìrẹsì funfun lọ́jọ́ ọdún, kò sì ráhùn.

Dennis ni orúkọ bíríkìlà wọn. Ó ń mọ ilé, ó ń kan òrùlé, ó sì ń gbẹ́ kànga. Ọmọ ilẹ̀ náà gan-an ni. Pijin ni òun àti Kọ́lá fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, nítorí Kọ́lá, pẹ̀lú ogójì ọdún tó ti lò ní Enugu, kò gbọ́ Ìgbò kọjá ìkíni. Nígbà tí ògiri dé ojú fèrèsé, Dennis wá bi í pé kí ni kí àwọn kọ́kọ́ ṣe báyìí, ṣé kí àwọn parí ògiri kí àwọn sì lé òrùlé ni.

"Kànga," ni Kọ́lá wí. "Bàbá mi ní Òmù-Àrán, kànga ló kọ́kọ́ gbẹ́ kó tó to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Bí wọ́n ṣe ń kọ́lé ní ìlú wa nìyẹn. Ògiri tí mo jẹ́ kí ẹ mọ yìí, ìkánjú ni mo fi ṣe é."

"Ọ̀gá, ibí kì í ṣe ìlú yín."

"Ilẹ̀ ni ilẹ̀, Dennis."

"Ọ̀gá, wọ́tà nò dé! Kò sí omi!" Dennis tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Òkúta ló wà lábẹ́ ibí yìí. Ẹ jẹ́ ká tètè bo ilé, ká fi gọ́tà yí òrùlé ká, ká kọ́ táńkì sínú ilẹ̀, kí òjò kún un kó tó lọ. Bí Mama Lilian ṣe ṣe tirẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wa níbí, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Táńkì?" Kọ́lá rẹ́rìn-ín. "Èmi ni n ó máa fún màlúù méje ní omi òjò tó ti sùn láti ọdún tó kọjá? Gbẹ́ kànga fún mi, ọ̀rẹ́ mi."

Abímbọ́lá gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni Dennis ń sọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ máa ń to dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé ní ilé rélùwéè, kò sì sí ìyàwó ilé kan ní gbogbo àdúgbò náà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ rẹ̀ ní òun ti gbàdúrà sí i.

Nítorí náà, wọ́n gbẹ́ kànga. Ìgbé ayé wọn wá ní ètò. Láàárọ̀, wọ́n á kọ orin ìyìn kan, wọ́n á ka Ìwé Mímọ́, Kọ́lá á da ẹran jáde, Abímbọ́lá á sì ti bárò lọ sí odò kékeré ìsàlẹ̀ òkè pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Bó bá dé, á wọ́n omi sórí búlọ́ọ̀kù tuntun kí oòrùn má bàa là wọ́n. Ọ̀sán, á se oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́, òun àti ọkọ rẹ̀ á ka ewúrẹ́ wọlé, wọn kì í sì í bára mu lórí iye rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́.

Dennis àti àwọn ọkùnrin rẹ̀ méjì gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọ́n kan òkúta aláwọ̀ eérú kan tó ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ojú ewé ìwé. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fọ́ ọ. Gbígbẹ ni. Kọ́lá bojú wo ìsàlẹ̀, ó sọ òkò kan sí i, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó gbé orí sókè, ojú rẹ̀ kò sì yí padà.

"Ísáákì kò rí i ní ẹ̀ẹ̀kan," ó ní. "Ésékì lorúkọ èyí, bíi ti kànga rẹ̀ àkọ́kọ́."

Wọ́n gbẹ́ èkejì sí ìsàlẹ̀ ọgbà, lẹ́bàá igi máńgòrò. Omi díẹ̀ sun níbẹ̀ lóṣù kẹsàn-án. Ó pupa, ó ń rùn bí irin tó dípẹtà. Màlúù kan gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì yí ìdí padà sí Kọ́lá. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró lóṣù kẹwàá, ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó fi gbẹ. Kọ́lá pe ìyẹn ní Sítínà. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó dìde nínú ìjọ láti jẹ́rìí.

"Ará," ó ní, "Ísáákì gbẹ́ kànga àkọ́kọ́, kò rí omi. Ó gbẹ́ èkejì, kò rí omi. Ó gbẹ́ ẹ̀kẹta, Réhóbótì, Olúwa sì fún un láyè! Èmi náà, mo ti gbẹ́ méjì!"

Ìjọ pariwo Halelúyà. Àlùfáà gan-an pariwo. Abímbọ́lá, tó ti fi ọdún méjìlélógún kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, jókòó jẹ́ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nínú Ìwé. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé kànga kẹta tí wọn kò tíì gbẹ́ yìí ló mú ọkọ òun dúró lórí ilẹ̀ náà. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà níwájú, Kọ́lá kò ní sọ̀rọ̀ Ogui. Nítorí náà, òun náà ṣe Halelúyà, kò kàn pariwo ni.

Kérésìmesì kọjá. Ọyẹ́ mú. Ògiri ti dé orí ilẹ̀kùn, páànù òrùlé ti wà nílẹ̀ lábẹ́ tapólì láti oṣù kẹjọ, erùpẹ̀ pupa sì ti bo tapólì. Odò ìsàlẹ̀ òkè tín-ín-rín títí ó fi di ẹrẹ̀. Ọkọ̀ tó ń ta omi kò lè gun òkè náà. Ilé Lilian, aládùúgbò tí Dennis ń pè ní Mama Lilian, ni Abímbọ́lá wá ń lọ báyìí, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Opó ni Lilian, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì. Òrùlé ilé rẹ̀ fẹ̀ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, gọ́tà yí i ká, gbogbo gọ́tà náà sì ń wọ inú táńkì ńlá kan tí ó kọ́ sínú ilẹ̀. Ìgbò ni òun àti Abímbọ́lá ń sọ.

"Ìyá Tọ́pẹ́," ni Lilian wí bó ṣe ń fi okùn fa omi sókè, "ṣé ọkọ yín kò tíì gbẹ́ ilẹ̀ dé ọ̀run àpáàdì ni?"

"Ó kù díẹ̀."

"Tó bá débẹ̀, ẹ sọ fún un pé kò sí omi níbẹ̀ náà. Ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan ti wà níbẹ̀ tipẹ́ tó ń tọrọ ẹ̀kán kan."

Abímbọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé kẹ́ẹ̀gì. Lilian kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ gbọ́. Ti ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa pọn ọ́n títí òjò á fi dé. Ti màlúù, n kò lè ṣe é. Táńkì mi kò tó bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀, arábìnrin mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ilẹ̀ ní àfonífojì, létí odò tí kì í gbẹ. Ó ti rí àwọn màlúù yín, ó sì fẹ́ wọn. Bí ọkọ yín bá fẹ́ tà, kó sọ."

Abímbọ́lá kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ títà. Ó ti bárò rẹ̀ lọ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kìn-ín-ní, Kọ́lá kan èèkàn mẹ́rin sí ibi tó fẹ́ kí kànga kẹta wà. Dennis dé, ó wo èèkàn, ó jókòó ti ọ̀kan nínú wọn.

"Ọ̀gá, màá bá yín sọ òótọ́. Mo gba iṣẹ́ kan ní Idaw River Layout, ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni màá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, n kò sì ní padà síbí kó tó di oṣù karùn-ún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ní fún yín. Mo lè gbẹ́ kànga. Mo lè lé òrùlé, kí n sì fi gọ́tà sí i. N kò lè ṣe méjèèjì."

"Kànga," ni Kọ́lá wí.

"Ọ̀gá, ẹ fi alẹ́ kan rò ó."

"Mo ti rò ó láti oṣù kẹfà."

"Ẹ fi alẹ́ kan sí i," ni Dennis wí, ó sì dìde lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Abímbọ́lá ń ka ewúrẹ́. Ó rí ọ̀kan, èyí tó ní àmì funfun níwájú orí, tó ń lá ìsàlẹ̀ agolo tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ń lá a lọ ni. Abímbọ́lá dúró wò ó. Lọ́kàn rẹ̀, ó to gbogbo rẹ̀ síwájú. Bí wọ́n bá gbẹ́ kànga, yóò gbẹ. Oṣù kejì á wọlé, kò ní sí omi, kò ní sí òrùlé, wọ́n á lọ. Bí òun bá sì sọ òótọ́ fún ọkọ òun, ìrètí rẹ̀ á tán lónìí dípò oṣù tó ń bọ̀, wọ́n á lọ. Kò rí ìyàtọ̀ púpọ̀ níbẹ̀, àyàfi pé òun á ti sọ òótọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ni ìwé kíkà kàn. Kò ṣí ibi tí wọ́n kà dé. Ó ṣí ibi tí Ísáákì ti ń gbẹ́ kànga, ó gbé dígí ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka bí àwọn ìránṣẹ́ ṣe gbẹ́ ilẹ̀ ní àfonífojì tí wọ́n sì rí omi tó ń sun níbẹ̀. Ó ka bí àwọn darandaran Gérárì ṣe jà pé omi náà tiwọn ni.

"Dúró," ni Kọ́lá wí. "Tún ibẹ̀ kà."

Ó tún un kà.

"Omi wà nínú Ésékì?"

"Omi wà níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi jà nìyẹn."

"Sítínà ńkọ́?"

"Wọ́n jà lórí ìyẹn náà. Ta ló máa jà lórí kànga gbígbẹ, Bàbá Tọ́pẹ́?"

Kọ́lá na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó kà á fúnra rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó parí, ó yí i padà sí ẹ̀yìn, bí ẹni pé ó lè rí kànga gbígbẹ kan ní ojú ewé tó ṣáájú.

"Omi ló ń rí ní gbogbo ìgbà," ó ní. "Àwọn ẹlòmíràn ni kò jẹ́ kó mu ún. Èmi wá ńkọ́? Èmi àti ta ni à ń jà níbí?"

"Ẹ̀yin àti òkúta."

Kò rẹ́rìn-ín. "Nígbà wo lo mọ̀?"

"Lọ́jọ́ tí ẹ jẹ́rìí."

"Mo dúró níwájú gbogbo ìjọ, Bọ́lá."

"Wọ́n ń pariwo Halelúyà. Èmi náà ń ronú ti ilé. Mo ṣẹ̀ yín, ẹ má bínú."

Kọ́lá dìde. Ó fi ògì rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde lọ jókòó sórí òkìtì òkúta tí wọ́n kó jáde nínú kànga àkọ́kọ́. Abímbọ́lá fọ abọ́, ó bu omi tó fi fọ abọ́ rin ewébẹ̀, ó gbá ahéré. Ó ti ń rò ó pé yàrá méjì náà á há fún ènìyàn mẹ́ta, pé Tọ́pẹ́ á ní kí àwọn sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, Tọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ á sì sùn sílẹ̀. Ọ̀sán pọ́n. Kọ́lá dìde, kò wá sílé, ó gba ọ̀nà ilé Lilian lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju wákàtí méjì lọ. Nígbà tó padà dé, ìpẹtà páànù wà ní orúnkún rẹ̀, ó sì mú ewé ìwé kan lọ́wọ́ tó kún fún ìṣirò.

"Mo gun òrùlé rẹ̀," ó ní. "Ọ̀pá tí mo kì bọ táńkì rẹ̀, omi dé èjìká mi, lónìí tí òjò ti lọ ní oṣù mẹ́ta. Òrùlé tiwa yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó tirẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ fítà, tí mo tún ẹ́ńjìnnì ṣe fún ọdún márùndínlógójì, n kò wọn nǹkan kan láti oṣù kẹfà. Mo kàn ń gbẹ́ ni."

"Ṣé táńkì ni ẹ wá fẹ́ báyìí?"

"Òun ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ni ẹ̀jẹ́. Mo ti ta màlúù."

Abímbọ́lá yíjú sí àwọn màlúù nínú ọgbà.

"Ẹ̀gbọ́n Lilian wà níbẹ̀. Méjèèje, àti ewúrẹ́. Ọ̀la ló ń bọ̀ wá dà wọ́n. Odò wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀." Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọgbà. "Mo sì sọ pé màá padà sí Ogui."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run."

"Ẹ sọ ọ́, mo gbọ́, èmi ni ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n èmi kò bá yín jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan, Bàbá Tọ́pẹ́." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹ ní 'màá padà'. Ẹ padà. Ẹ kó aṣọ yín, kí ẹ máa lọ sọ́dọ̀ ọmọ yín. Èmi ń gbé ibí. Bí òrùlé bá wà, ó wà. Bí kò bá sí, n ó máa gbé ahéré."

Kọ́lá yíjú sí i. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n ti fẹ́ra, kò sì tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ẹnu rẹ̀. Ó wo ewé ìṣirò ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ní màá padà," ó ní níkẹyìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò. "N kò dá ọjọ́ sí i."

"Ẹ kò dá ọjọ́."

"N kò sọ pé n kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́."

"Ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an ni mo gbọ́ ọ."

"Nígbà náà," ni Kọ́lá wí, ó sì dìde láti wá oúnjẹ.

Ẹ̀gbọ́n Lilian dé ní aago méje àárọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Àwọn màlúù kò ṣe wàhálà; wọ́n tò lọ sí ìsàlẹ̀ òkè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ewúrẹ́ sì ń sáré yí wọn ká. Kọ́lá bá wọn dé orígun ọgbà. Ó dúró síbẹ̀ títí eruku wọn fi wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá gbé àpò rẹ̀, aṣọ kan, Bíbélì, búrọ́ọ̀ṣì, ó ní kí Dennis, tó ti dé, tètè parí orí ògiri kó sì lé òrùlé, ó sì lọ sí ìsàlẹ̀ láti wá kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé e dé ìgboro.

Oko ẹran kò ní ẹran nínú mọ́. Ó dákẹ́ lọ́nà tí kò bá Abímbọ́lá lára mu. Ó gbá ìgbẹ́ ewúrẹ́ jọ nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára, kó tó rántí pé kò sí ẹni tó máa yàgbẹ́ míì lọ́la. Ó kó o lọ sídìí ewébẹ̀. Ó gbọ́ tí Dennis ń kọrin lórí àkàbà. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fóònù rẹ̀ dún.

"Mummy!" Tọ́pẹ́ ni. "Daddy wà níbí o. With bag. He say òun wá sùn. Wetin happen? Ẹ jà ni?"

"A ò jà."

"So why is he here?"

"Ẹ̀jẹ́ ló wá san. Fún un lóúnjẹ."

"Ẹ̀jẹ́ wo? Mummy, he is just sitting on my machine chair, he's not talking to anybody. He say tomorrow morning, first thing, he dey go. Go where?"

"Ilé," ni Abímbọ́lá wí.

Dennis ń pè é láti òkè. Ó fẹ́ kí ó bá òun di ìsàlẹ̀ igi òrùlé àkọ́kọ́ mú, nítorí àwọn ọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ti lọ po sìmẹ́ǹtì. Abímbọ́lá fi fóònù sí àpò, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì lọ dì í mú.